Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lójú Mi, Tó Ń Kú Lẹ́yìn Mi

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi tún ẹ̀rọ ṣe ní Abẹ́òkúta. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, gbogbo àdúgbò ló ń kí mi pé ẹ kú ìsinmi, síbẹ̀ bí ẹ bá ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ dájú nípa ẹ̀rọ sílẹ̀, n kò rò pé yóò kún ojú ìwé méjì. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dára láti kọ́?" Wọ́n á rò pé mo fẹ́ ka èrè rẹ̀ fún wọn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, bí ọkàn rẹ kò bá lè gbà kí nǹkan rú ọ lójú fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, láìjẹ́ pé o wá ẹni tí wàá di ẹ̀bi rù, lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Èmi gan-an kò tètè mọ èyí. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó kọ́ ọ, ó sì kù díẹ̀ kí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí.

Taipuráítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn ní sísọ: bàbá mi mọ Ọ̀gá Lóyè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbarà lọ́jọ́ Ajé kan, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, bàbá mi lọ, mo dúró. Ọ̀gá Lóyè ló ń tún taipuráítà ilé ẹjọ́ ṣe, òun ló ń tún ti àwọn ilé-ìwé àti ti àwọn àlùfáà ṣe. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó fi òwú so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ etí, kò sì pariwo rí ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ì bá sàn kó pariwo.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i. Ọ̀gá á jókòó, á tẹ lẹ́tà kan.

"Èwo ni mo tẹ̀ yẹn?"

"N kò rí i, sà."

"Ta ló ní kí o rí i? Mo ní kí o gbọ́ ọ."

Ní àkọ́kọ́, ariwo kan náà ni gbogbo wọn ń pa létí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo gbọ́ pé àwọn lẹ́tà àárín máa ń yára lu ìwé, tí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ máa ń fà díẹ̀, nítorí apá irin wọn gbọdọ̀ tẹ̀ wá sí àárín. Ní ìparí oṣù kejì mo lè jókòó sí ìta, kí n sọ fún yín pé "e" ẹ̀rọ ilé ẹjọ́ ti ń rọ́jú. Inú mi dùn dé ibi pé n kò lè sùn.

Ní ti sikúrù, Ọ̀gá Lóyè ní páànù pẹrẹsẹ kan tó pín sí ojúlé ogójì. Bí o bá tú ẹ̀rọ, sikúrù àkọ́kọ́ wọ ojúlé kìíní, èkejì wọ ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe bá a lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan sọnù lọ́wọ́ mi, tíńtín bí orí èèrà. A gbá ilẹ̀, a fi asẹ́ sẹ́ pàǹtírí, a fa irin òòfà káàkiri. Ọjọ́ kẹta ni a tó rí i nínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi, níbi tí wọ́n ti ká a sókè. Ọ̀gá wò ó, ó fi sí ojúlé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó pàṣẹ pé ọmọ iṣẹ́ òun kankan kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò tí wọ́n ká lẹ́sẹ̀ mọ́.

Òfin kan tún wà. Ìyàwó Ọ̀gá máa ń pa àdìrẹ. Àwọn èyí tí aró kò mú dáadáa, tí kò ṣeé tà, ló máa ń gé fún wa. Olúkúlùkù wa ní tirẹ̀. Bí o bá dìde nídìí ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ pé omi lo fẹ́ mu, o gbọdọ̀ fi aṣọ yẹn bò ó, nítorí eruku. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà ọyẹ́. Ọ̀gá ní kí n tú ẹ̀rọ ọ̀hún palẹ̀, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì nu irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ń bo ẹ̀rọ kí ojú mi tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe yí. Kọ̀ǹpútà dé sí àwọn ọ́fíìsì, taipuráítà sì di ohun tí wọ́n ń kó sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Lóyè wá bá mi wo ọ̀kan lára wọn nígbà kan. Ó dẹ etí sí i títí.

"Kò sọ̀rọ̀," ló wí.

"Inú ló ti ń sọ̀rọ̀, sà."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe é, nígbà náà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé kiri fún ọdún púpọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Mo ra èyí tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ilé-ìwé kan, mo tú u, mo tò ó, ó kọ̀, mo tún tú u. Ìgbà tí olùkọ́ kan ní yunifásítì Alábàtà fún mi ní àwo Linux ni ojú mi là. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bí awakọ̀ ṣe ń darí ọkọ̀. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò pa ohunkóhun mọ́. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ náà ló ń kọ sínú ìwé kan tó wà nínú rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, pẹ̀lú aago rẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé ìdáhùn Ọ̀gá Lóyè nìyí. Ó ti pé ọdún kan tó kú nígbà náà.

Iṣẹ́ tí mo wá fi lórúkọ ni ti ẹ̀rọ ẹ̀ṣọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fáyàwọ́ọ̀lù. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, Linux ló ń darí rẹ̀, ó máa ń dúró sáàárín ilé-iṣẹ́ àti íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ó ń wo ẹni tó ń wọlé, ó ń wo ẹni tó ń jáde. Mo to irú rẹ̀ fún ilé ìwòsàn méjì, mo to ti ilé-ìwé bíi mẹ́sàn-án. Ohun tí a fi ń mú íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀ náà ń yí padà. Módẹ́mù tó ń gba inú wáyà fóònù ké bí ológbò la kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo orí òrùlé dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Níkẹyìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe módẹ́mù tó ń gbé inú ẹ̀rọ ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò ju ìdajì bisikíìtì lọ, ó ń gba síìmù bíi fóònù. Èyí ló kó bá mi.

Ilé-ìwé aládàáni kan wà ní ọ̀nà Alábàtà. Alhaja Sìfáwù ló ni ín, ọmọ ìdílé oníṣòwò láti àdúgbò àtijọ́ nínú ìlú. Ó ti ra àádọ́ta kọ̀ǹpútà sí gbọ̀ngàn kan, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì níbẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já lójú wọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀rọ ẹ̀ṣọ́ náà wà nínú ọ́fíìsì akọ̀wé, Màmá Bùnmi, opó kan tó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì yẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi to módẹ́mù yìí, ojoojúmọ́ ló sì ń rú mi lójú ní ọ̀nà tuntun. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kò rí i rárá. Ojúhò méjì tí a lè kì í bọ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ náà, tí wọ́n jọra bí ìbejì, ọ̀kan péré ni wáyà módẹ́mù dé. Mo ti ń lo èyí tí kò ní wáyà láti òwúrọ̀. Nígbà tó rí i tán, ó ní módẹ́mù ti pa rédíò rẹ̀. Mo kàwé títí ojú fi ń dùn mí. Mo wá rí i pé lára àwọn ẹnu wúrà wẹ́wẹ́ tó wà létí pátákó náà, ẹnu tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ogún ni àwọn ẹ̀rọ kan fi ń sọ fún un pé kó dákẹ́. Mo gé téèpù kan bí èékánná ọmọ tuntun, mo fi lẹ ẹnu ogún pa. Ó jí! Ó tún wá ń fi ara rẹ̀ hàn bí ohun ìfi-nǹkan-pamọ́ dípò módẹ́mù, mo ní láti pàṣẹ fún un kó yí ìwà padà. Níkẹyìn, mo kọ orúkọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ fóònù sí i, mo kọ́kọ́ ṣì í kọ, mo tún un kọ, íńtánẹ́ẹ̀tì sì wọlé bí omi ẹ̀rọ.

"Ògo!" ni mo ké.

Màmá Bùnmi gbé ojú sókè nínú ìwé rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí i ni, àbí nǹkan ló ta yín?"

"Mo ti rí i!"

"Ẹ ṣeun o. Láti ọjọ́ mẹ́ta lẹ ti ń bá a jà, mo rò pé mo máa sìnkú nínú ọ́fíìsì yìí ni."

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Mo palẹ̀ mọ́, mo lọ. N kò tí ì jẹun ọ̀sán tán nígbà tí Alhaja pè mí pé ó ti kú. Mo padà. Iná aláwọ̀ ewé tó wà níwájú ẹ̀rọ ń tàn, kò sí ohun tó ṣe é lójú, ṣùgbọ́n módẹ́mù kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Mo ṣí ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ. Ìlà kan péré ló sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀: módẹ́mù ti já kúrò, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Kò sọ ìdí. Mo yọ wáyà iná, mo tún kì í bọ̀ ọ́, ó jí, ó ń sáré. Mo dúró tì í fún wákàtí kan, kò mira. Mo lọ. Ó kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Bí mo bá wà níbẹ̀ yóò ṣiṣẹ́, bí mo bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ tó bí ogójì ìṣẹ́jú yóò kú. Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo pààrọ̀ síìmù. Mo pààrọ̀ wáyà iná. Mo tú téèpù ẹnu ogún, mo gé òmíràn. Mo yí gbogbo ètò padà, mo dá a padà sí bó ṣe wà. Orí mi kún. Ni mo bá kọjú sí Màmá Bùnmi.

"Bí mo bá ti lọ, kí lẹ máa ń fọwọ́ kàn?"

"Ìwé orúkọ àwọn ọmọ, Ọ̀gá."

"Kò tún sí nǹkan mìíràn?"

"Biro."

"Màmá Bùnmi, n kò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré, sà. Ẹ̀rọ yẹn ń bà mí lẹ́rù. N kì í sún mọ́ apá ibẹ̀."

Ọjọ́rú, ó kú ní òwúrọ̀, mo jí i ní ìrọ̀lẹ́, òjò ṣú, mo sáré jáde lọ bá ọ̀kadà. Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Bùnmi lọ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Odéda, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè wọ ọ́fíìsì, mo bá jókòó sí gbọ̀ngàn, mo ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà. Mo ń retí kó kú. Kò kú. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ní ọjọ́ Ẹtì, Màmá Bùnmi padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo wọlé, mo wo ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ dára, mo jáde. Kò pé wákàtí kan, ó kú.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ wò ó fúnra yín. Kí lẹ̀yin ì bá rò? Mo gbà pé mo ti rí i. Mo lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, níbi tí Alhaja ti ń bá wọn ṣe ìpàdé, mo sì sọ níwájú gbogbo wọn, àti Màmá Bùnmi tó jókòó láàárín wọn, pé òun ló ń pa ẹ̀rọ.

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ bí àgbà o," ni Alhaja wí. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Alhaja, ọjọ́ tí wọ́n wá, ó kú. Ọjọ́ tí wọn ò wá, kò kú. Kí la tún fẹ́ wí?"

"Màmá Bùnmi, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. N kò fọwọ́ kàn án."

"Wàláhì, n kò lè fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ta tẹ́tẹ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ jókòó sílé títí àwọn aláyẹ̀wò á fi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn la máa mọ̀ bóyá ẹ ó padà."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó mú àwo oúnjẹ rẹ̀, ó mú ìwé orin rẹ̀, ó kí gbogbo wa pé ẹ kú iṣẹ́, ó lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ènìyàn. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, kò sì wá sọ́kàn mi lọ́jọ́ náà rárá. Inú mi dùn pé ojú mi ti tó o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Alhaja, mo jí ẹ̀rọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà sínú báàgì Alhaja. Ogójì ìṣẹ́jú. Ó kú.

"Bàbá, ta ló wọlé?" Alhaja dìde. "Àlùjọ̀nnú ni?"

"Mi ò mọ̀, Alhaja."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ lánàá."

Mo gbé àga wọ inú ọ́fíìsì, mo jókòó tì í. Mo ti pinnu pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí ló ń fà á yọ, kó fà á lójú mi. Wákàtí kan, ó ń ṣiṣẹ́. Wákàtí kejì. Wákàtí kẹta. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo bá ẹnì kan pàdé lójú ọ̀nà, a kíra, ó ní kí n bá òun wo fóònù òun, mo pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo padà, àádọ́ta ìṣẹ́jú ti kọjá, módẹ́mù ti kú. Ilẹ̀kùn wà ní títì bí mo ṣe tì í. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi sì kan aṣọ. Aṣọ náà gbóná bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Àdìrẹ mi ni. Èyí tí ìyàwó Ọ̀gá Lóyè gé fún mi, tó ń bá mi gbé nínú àpò irinṣẹ́ láti ìgbà náà.

N kò rántí pé mo bò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, títí di òní n kò rántí rẹ̀. Ọwọ́ mi ló bò ó, ọwọ́ mi náà ló ń ká a kúrò tí mo bá padà. Ẹ̀rọ yìí kò ní fáànù, ara irin rẹ̀ ló fi ń tu ooru dànù. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ṣàlàyé fún Alhaja nígbà tí a rà á pé ohun tó dára jù lára rẹ̀ nìyẹn. Aṣọ tó nípọn, tí a fi bo irin náà, ló ń mú kí inú rẹ̀ gbóná, módẹ́mù á sì pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ní Ọjọ́rú, òjò lé mi jáde, n kò bò ó. Ní Ọjọ́bọ̀, n kò rí ọ́fíìsì wọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi kú.

Mo sọ fún Alhaja. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó nu ojú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ní wáyà ló já. Mo máa pe Màmá Bùnmi padà lẹ́yìn àyẹ̀wò. Orúkọ yín ò ní bàjẹ́."

Mo fẹ́ gbà. Mo gbọdọ̀ sọ òótọ́ fún yín: ní gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi fẹ́ gbà. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi kọ́ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní wáyà ló já, gbogbo àwọn olùkọ́ yẹn á ṣì máa rò pé Màmá Bùnmi ló já a.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo gba ọ̀kadà lọ sí Kọ́bapẹ́, níbi tí Màmá Bùnmi ti ń bá àbúrò rẹ̀ ta ọ̀pẹ òyìnbó létí títì.

"Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, Màmá Bùnmi."

"Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, Ọ̀gá. Èyí tó pọ́n ni kí n mú fún yín, àbí èyí tó máa tó di ọ̀la?"

"Ọ̀rọ̀ ni mo bá wá."

Ó nu bẹ́ǹṣì, mo jókòó. Mo ṣí fìlà, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò fi ibì kankan pamọ́. Ó ń gbọ́, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aṣọ yẹn?" ló wí nígbà tó yá. "Mo máa ń rí i tí ẹ bá ń bò ó. Mo rò pé ara iṣẹ́ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ bi mí? Ohun tí mo fọwọ́ kàn lẹ bi mí. Ẹ ò bi mí ohun tí mo rí."

Mo yí fìlà mi po lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó, Ọ̀gá, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ló dùn mí. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo ṣe nínú ọ́fíìsì yẹn. Mo ní bóyá aago ọwọ́ mi ni. Mo ní bóyá ìpara tí mo fi pa ara ni. Lánàá, mo ti ń sọ fún àbúrò mi pé ó jọ pé èmi ni lóòótọ́."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ni kí ẹ ti sọ ọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dúró ní yàrá àwọn olùkọ́. Mo gbé àdìrẹ náà sókè, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Olùkọ́ ìṣirò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Kọ̀ǹpútà! Ẹ wá fi aṣọ fún ẹ̀rọ lọ́rùn pa!"

"Òtútù ló rò pé ó ń mú un ni," ni ẹlòmíràn wí.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá Bùnmi kò rẹ́rìn-ín. Alhaja tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò gbà á lójú ẹsẹ̀.

"Mo máa gbà á, mà. Àmọ́ kí Ọ̀gá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìwé tí ẹ̀rọ yẹn ń kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún máa sọ ohun tí mo ṣe fún mi, mo fẹ́ ti kà á ṣáájú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ Ajé yẹn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, àṣẹ wo la fi ń ṣí i, ìlà wo ló ń sọ ti módẹ́mù, ìlà wo ló ń sọ ti síìmù. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kò ṣi ohun tó bá ti kọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn aláyẹ̀wò wá, wọ́n lo wákàtí mẹ́rin, íńtánẹ́ẹ̀tì kò já, wọ́n fọwọ́ sí i. Màmá Bùnmi jókòó ti ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan ni mo fẹ̀yìn tì. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ náà nísinsìnyí. Ohun púpọ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò yé mi. N kò mọ ìdí tí ogójì ìṣẹ́jú fi ń pé lọ́jọ́ tí oòrùn mú gan-an àti lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. N kò mọ ìdí tí ìwé ẹ̀rọ, tí kì í pa nǹkan mọ́, kò fi kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ooru. Mo ti bi àwọn tó mọ̀ jù mí lọ, olúkúlùkù ní èsì tirẹ̀, kò sì sí méjì tó bára mu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Módẹ́mù tún kú, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje. Kò sí aṣọ lórí rẹ̀ o."

"Ta ló wà nínú ọ́fíìsì?" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

"Ọ̀gá, a kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ bi mí ohun tó kọ sílẹ̀."

Mo bi í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, pẹ̀lú aago wọn. Ó kà á dé òpin. Kò yé mi. Kò yé òun náà. Mo fa àga mi súnmọ́ fèrèsé, mo mú biro, mo ní kó tún un kà láti òkè.